Ẹ Má Tíì Sọ fún Màmá

Ọkọ̀ ojú irin tí Iyùnadé wọ̀ ní Mílánò já a sílẹ̀ ní àárín pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìtókò, l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ti sún tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ lè ráyè kọjá. Òyìnbó tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ní kó nu ẹsẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni. Ó nu ẹsẹ̀. Ọkọ̀ náà fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó gba ojú fèrèsé jáde, aṣọ fèrèsé sì padà sí àyè rẹ̀.

Kò yà á lẹ́nu. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Láti ìgbà tí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sí ohun tó ń ya Iyùnadé lẹ́nu mọ́. Ó gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀, ó wo yíká. Ògiri tó fi sílẹ̀ ló bá, àfi pé wọ́n ti yọ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kúrò, wọ́n sì fi etí kan kọ́ síbẹ̀. Etí náà tóbi díẹ̀. Wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní.

Bọ̀dá Ṣógbésan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ dúdú tó wọ̀ níbi ìsìnkú ìyá wọn. Pẹlẹbẹ ni gbogbo ara rẹ̀, nítorí pé inú fọ́tò nìkan ni Iyùnadé ti rí i nínú aṣọ náà. Bó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a kì í rí i mọ́. Ó rọra dojú kọ ọ́ kí wọ́n lè ríra.

"O káàbọ̀," ó ní. "Rọra sọ̀rọ̀ o. Má tíì sọ fún Màmá."

"Pé kí ni?"

"Pé wọ́n ti kú. A ò tíì túfọ̀ fún wọn."

Iyùnadé ní, "Ta ló ní kí ẹ má sọ fún wọn?"

"Gbogbo ẹbí la jọ fẹnu kò. Wọ́n ní ìdánwò orin lọ́wọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ báyìí, àyà wọn á já, ohùn wọn á há. Jẹ́ kí wọ́n kọrin tán ná."

Iyùnadé mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Bọ̀dá ṣe kọ ọ́ sí òun náà: a fi pamọ́ fún ọ ni, kí àyà rẹ má baà já, kí ohùn rẹ má baà há, a ní kí o kọrin tán ná. Nígbà tí lẹ́tà náà fi dé Mílánò, wọ́n ti sìnkú tán, wọ́n ti fọ abọ́, wọ́n ti dá àga tí wọ́n yá padà. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ẹni tó bá wà lájò, a kì í sáré túfọ̀ fún un, inú rere la sì fi ń ṣe é. Ọjọ́ tó ka lẹ́tà náà, aṣọ ló ń lọ̀. Ó kà á tán, ó ní, "Ó dáa," ó sì ń lọ aṣọ rẹ̀ nìṣó. Ẹkún kò wá. Ibi tó yẹ kí ẹkún ti wá, ńṣe ló kú tipiri bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé.

"Ó dáa," ló tún sọ fún Bọ̀dá lójú àlá náà.

Pálọ̀ kún fún àlejò. Àwọn lẹ́tà tí Iyùnadé ti kọ ránṣẹ́ sílé láti ọjọ́ tó ti lọ kọ́ orin ọpẹ́rà ló jókòó sórí àga, oníkálukú lórí àga tirẹ̀, tí wọ́n ká ẹsẹ̀ jọ bí ẹni tí ebi ń pa tí ojú ń tì. Wọ́n ti gbé omi fún wọn. Bébà aláwọ̀ aró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ní ohùn. Ohùn Iyùnadé ni gbogbo wọn ní, èyí tó ní lọ́jọ́ tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló kó gbogbo rẹ̀ tán, nítorí pé nínú ọ̀fun tirẹ̀ kò ku nǹkan kan. Láti ọjọ́ lẹ́tà Bọ̀dá, bó bá la ẹnu láti kọrin, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Àwọn ará tíátà ti mú sùúrù títí. Wọ́n wá ní kó wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àlá yìí kí àwọn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ohùn bá kọ̀, àwọn á gbé ipa rẹ̀ fún ẹlòmíì, kó sì máa bọ̀ nílé.

Tíṣà Ṣówándé wà ní kọ̀rọ̀, ó fi dígí sójú. Òun ló kọ́ Iyùnadé lórin ní kékeré nínú kọ́à ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ló sì máa ń ka lẹ́tà rẹ̀ fún Màmá, tí kò mọ̀wé. Báyìí tí àwọn lẹ́tà ń dá sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ fà ro.

"Wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi," ó ní. "Lójú ayé mi níbí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Kò burú. Ó kàn ń dùn mí ni."

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dìde. Ohùn ọmọdébìnrin ni tirẹ̀, ó ń gbọ̀n. "Màmá mi ọ̀wọ́n, mo dé láyọ̀. Òtútù ibí yìí ní eyín. Obìnrin tó ń kọ́ mi sọ pé ọ̀fun ni mo fi ń kọrin, pé ikùn ló yẹ kó ti máa wá. Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, ó gbé ìwé ńlá lé mi níkùn, ó ní kí n máa fi èémí gbé e sókè. Mo ń gbé e, Màmá. Ó ku díẹ̀ kó gbéra dáadáa."

"Ikùn!" Tíṣà fò dìde. "Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Mo ní ẹ fi ikùn kọrin, gbogbo yín ń ké bí ewúrẹ́!"

Lẹ́tà náà kí i, ó jókòó padà, ó mu omi rẹ̀. Omi náà wọ inú bébà lọ, kò sì ba ọ̀rọ̀ kan jẹ́.

Ọpẹ́rà, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, eré ni, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pè ọ́ wá jẹun, orin ni. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ọ jáde, orin ni. Ìgbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá, ó ní ṣé ohun tí òun ń ṣe nínú ilé òun lójoojúmọ́ náà ni ọmọ òun lọ ń kọ́ nílẹ̀ òkèèrè.

Lẹ́tà kejì fẹ́ràn ara rẹ̀. Ó na ọrùn kó tó sọ̀rọ̀. "Màmá, mo ti dé orí ìtàgé. Ìkòkò omi ni mo ń gbé kọjá láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì. Gbogbo èèyàn ló ń wò mí." Kò sọ pé òun kò kọ ohùn kan ṣoṣo. Kò sì sọ pé bébà ni wọ́n fi ṣe ìkòkò náà, pé kò sí omi nínú rẹ̀, pé ọmọ ọwọ́ lè gbé e. Màmá gbọ́ ìkòkò omi, àánú ọrùn ọmọ rẹ̀ ṣe é. Ó fa àkísà ìró rẹ̀ ya, ó ká a, ó wé e ní òṣùká, ó sì fi rán ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó. Títí di òní, orí ìṣó lẹ́bàá fèrèsé ni òṣùká náà wà nínú yàrá Iyùnadé ní Mílánò. Kò gbé nǹkankan lé e rí. Kò sì kọ̀wé sílé pé bébà ni ìkòkò.

Lẹ́tà kẹta kò dìde rárá. Bó ti la ẹnu, gbogbo ilé ló sọ̀rọ̀: àga, ilẹ̀kùn, àwo tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. "Wọ́n ti fi mí sáàárín àwọn ará abúlé. Gbogbo wa la jọ ń ké. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n tèmi wà níbẹ̀." Lẹ́yìn náà gbogbo wọn dákẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù ló dákẹ́ kẹ́yìn.

Lẹ́tà ìkẹyìn kò jókòó. Ilẹ̀ ló sùn sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá, a sì gbọ́dọ̀ ré e kọjá kí a tó wọlé. Iyùnadé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. Lẹ́tà náà fi ohùn kẹ́lẹ́ sọ ọ́. "Màmá, wọ́n ti fún mi ní ipa gidi. Ìyàwó apẹja ni mí. Mo máa kú ní ọjọ́ Sátidé."

Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń kọ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀! Àfi kí Ọlọ́run má fi òyìnbó kọ́ wa ní ìkọkúkọ. Ìgbà tí Tíṣà ka ibẹ̀, igbá gààrí bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Ó ní kó tún un kà, kó sì ka ibẹ̀ sí "sùn." Tíṣà kà á: mo máa sùn ní ọjọ́ Sátidé. Kò tẹ́ Màmá lọ́rùn. Ó gbààwẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ké tí gbogbo ìjọ gbọ́: ikú tó bá ń bẹ lórí pákó ìtàgé yẹn, kó fi ọmọ òun sílẹ̀, òun àgbà ni kó wá mú. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n bá a lórí ẹní tí kò jí. Iyùnadé kò mọ̀. Ó kú lórí ìtàgé lọ́jọ́ Sátidé, ó kú dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Bọ̀dá dé, ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ àti ti ìkúnlẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ó ré lẹ́tà náà kọjá, ó wọlé. Yàrá Màmá ti gùn. Okùn ń rọ̀ láti òkè, bí ó ti máa ń rọ̀ lẹ́yìn ìtàgé, aṣọ Màmá ni wọ́n sá sórí gbogbo wọn. Òpin yàrá náà lọ́hùn-ún ni Màmá wà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ìwé orin ńlá Iyùnadé wà ní ikùn rẹ̀.

"Iyùn, o dé."

"Mo dé, Màmá. Ẹ kúulé."

"O ti jẹun?"

Ọ̀jọ̀jọ̀ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú pàápàá mọ̀ pé a kì í jẹun lójú àlá, áńbọ̀sìbọ́sí oúnjẹ tí òkú gbé síwájú ẹni. Iyùnadé jẹ ẹ́ tán. Kò dùn, kò korò.

"Wọ́n ní o ò lè kọ ọ́ mọ́," ni Màmá wí. "Wọ́n ní kí n wá bá ọ kọ ọ́. Mo ní kò sí wàhálà, kí ni ìyá wà fún? Ìrọ̀lẹ́ yìí ni ìdánwò mi. Ṣùgbọ́n mo ti dùbúlẹ̀ láti àárọ̀, ìwé yìí ò gbéra. Wá wò mí, kí ni mo ń ṣe tí ò dáa?"

Iyùnadé kúnlẹ̀. "Ẹ mí sínú, Màmá."

"Mo ń mí sínú."

Ìwé kò mira. Ó wà níbẹ̀ bí òkúta tó wà lórí òkúta. Lẹ́yìn Iyùnadé, àwọn lẹ́tà ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń yọjú. Bọ̀dá Ṣógbésan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ìgbà tí wọ́n ti fọ́tò kan wọlé, ó gbé ojú sókè láti ilẹ̀, ó ń mi orí. Má sọ ọ́.

Iyùnadé ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìwé náà. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e.

"Ó ti gbéra!" Màmá pariwo. "Tíṣà! Ẹ wá wò ó, ó ti gbéra!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àwọn lẹ́tà pàtẹ́wọ́ tiwọn, ó ń dún fìrífìrí. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú fọ́tò rẹ̀. Iyùnadé ń gbé ìwé, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ ń ro ó, kò sì mọ ohunkóhun lára ju ọwọ́ tó ń ro ó lọ. Ó ronú pé bí ọwọ́ Bọ̀dá náà ti ṣe ń ro ó nìyí nígbà tó ń kọ̀wé sí òun ṣáájú lẹ́tà ikú náà pé Màmá wà, Màmá ń kí ọ.

Màmá dìde, ó mú gèlè. Ó ní àkókò ti tó, kí wọ́n máa kálọ. Okùn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ògiri òpin yàrá náà sì gbéra lọ sókè bí aṣọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn èèyàn jókòó sí lọ rẹrẹẹrẹ nínú òkùnkùn. Kò sí ẹni tó ní ojú nínú wọn. Etí ni gbogbo wọn, etí tó mọ́ tónítóní, wọ́n sì ń dúró de Màmá. Iyùnadé mọ̀ wọ́n. Iwájú wọn lòun náà ti la ẹnu, tí afẹ́fẹ́ jáde. Ó rí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa lọ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè rẹ̀ tó gún régé, tó máa la ẹnu, tí nǹkankan ò ní jáde, tí kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

"Màmá, ẹ dúró. Ọwọ́ mi ló ń gbé ìwé náà."

"Kí ló dé tó o fi ń gbé e?"

"Ẹ ti sùn, Màmá."

Màmá wò ó. "Sùn bí ti Tíṣà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ ti kú."

"Yéè! Iyùnadé!" Bọ̀dá kígbe láti ilẹ̀, ó sì ká kò bí fọ́tò tó bọ́ sẹ́bàá iná.

Màmá jókòó padà sórí ẹní. Ó tú gèlè, ó ká a sórí itan. "Ìgbà wo?"

"Lásìkò òjò. Ó ku díẹ̀ kí Sátidé yẹn pé."

"Ta ló sin mí?"

"Bọ̀dá ni. Èmi ò sí níbẹ̀. Wọn ò sọ fún mi."

"Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ," ni Màmá wí, bí ẹni tó ń sọ pé ọbẹ̀ ò níyọ̀. "Ìwọ ò sin mí."

"Mi ò sin yín, Màmá."

Màmá tún gèlè náà ká lórí itan. "Ikú ọjọ́ Sátidé yẹn ń kọ́? Ó fi ọ́ sílẹ̀, àbí kò fi ọ́ sílẹ̀?"

"Màmá, kò wá. Eré ni. Ẹni tó bá kú níbẹ̀, ó máa ń dìde. Bí a bá ti kú tán, a ó dìde, a ó tẹríba fún wọn, a ó wá lọ jẹun."

"Ẹ máa ń dìde?"

"A máa ń dìde."

"Tíṣà! Kí ló dé tẹ́ ò ka ibẹ̀ fún mi?"

Tíṣà Ṣówándé gbé lẹ́tà ìkẹyìn kúrò nílẹ̀. Ó fi dígí wò ó níwájú, ó fi wò ó lẹ́yìn. Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ń wo ara rẹ̀. "Kò sí níbẹ̀, Ìyá Iyùn."

"Mi ò kọ ọ́," Iyùnadé ní. "Mo rò pé ẹ mọ̀."

Ìyẹn dùn ún. Ó dùn ún gan-an, lábẹ́ ìhà, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń padà sínú ẹsẹ̀ tó kú tipiri, tó ń ta yòò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò kọ ọ́, ìyá rẹ̀ sì fi ebi pa ara rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó máa dìde.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Wọ́n máa ń dìde! Èmi wá ń gbààwẹ̀! Ẹ gbà mí o, ọmọ yìí fẹ́ pa mí!" Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó gbé ìwé orin náà lé Iyùnadé lọ́wọ́. "Gba ìwé ẹ. Tèmi kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dìde nínú rẹ̀. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́."

Ó mú òṣùká jáde láti abẹ́ ìrọ̀rí, òṣùká ìró rẹ̀ náà gan-an, ó gbé e lé Iyùnadé lórí. Ó wá gbé ìkòkò lé e. Amọ̀ ni, ó sì kún fún omi dẹ́múdẹ́mú. Ọrùn Iyùnadé wọlé síra.

"Èyí kì í ṣe bébà o," ni Màmá wí. "Má fọwọ́ dì í mú. Máa lọ."

Ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn etí. Bó ti ń gbé ẹsẹ̀ ni omi ń dà sí i lójú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń ṣàn wọ ọrùn rẹ̀.

"Màmá, mi ò ríran."

"Irọ́ ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kọrin."

Iyùnadé la ẹnu.

Ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ní Mílánò ló wà, oòrùn ọ̀sán sì ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹkún ló ń sun, ó ń ké "Màmá mi o, Màmá mi o," láti ìsàlẹ̀ ikùn, tí ìwé orin tó gbé lé ikùn kó tó sùn lọ ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, títí ó fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ ń fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà, ó ń béèrè ẹni tó ń kọrin. Iyùnadé ò dákẹ́. Ó gbé ojú sókè wo ìṣó ẹ̀bá fèrèsé. Òṣùká wà níbẹ̀, omi sì ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀.